Ohun Tí Fíìmù James Bond Ọdún 1973 Ṣe fún Ẹ̀sìn Àwọn Ìbátan Wa

Lálẹ́ àná ni mo tún wo “Live and Let Die”, fíìmù kẹjọ nínú àwọn fíìmù James Bond tí ilé iṣẹ́ Eon ṣe, èyí tí Guy Hamilton darí ní ọdún 1973, tí Roger Moore sì ti kọ́kọ́ ṣe amí náà. Inú mi ń dùn sí fíìmù yìí, ó sì tún ń dùn mí, mo sì fẹ́ kọ ìdí méjèèjì sílẹ̀ lónìí.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́. Ní òpópónà kan ní New Orleans, amí òyìnbó kan dúró, ó ń wo àwọn tó ń gbé òkú lọ pẹ̀lú orin jáàsì tó ń fà wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ìsìnkú ta ni, onítọ̀hún sì dá a lóhùn pé tìrẹ ni. Wọ́n gún un lọ́bẹ, wọ́n gbé pósí kalẹ̀ lé e lórí, pósí náà gbé e lọ, kíá ni orin yí padà, tí àwọn ọlọ́fọ̀ sì bẹ́ sí ijó.

Mo fẹ́ràn ibi tí Bond ti gba orí ẹ̀yìn àwọn ọ̀nì sá kọjá pẹ̀lú. Ross Kananga, ẹni tó ni ọgbà ọ̀nì náà ní Jàmáíkà, ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣe é, ẹ̀ẹ̀karùn-ún ló sì tó bọ́ sí i. Orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n fún ọ̀daràn inú eré. Ìlépa lórí omi ní Louisiana ni ó gùn jù fún mi, nítorí ariwo ṣẹ́ríìfù kan tí kò wúlò fún ìtàn náà.

Kananga inú eré ni olórí ìjọba San Monique, erékùṣù àfinúrò kan. Ó ń gbin òdòdó tí wọ́n fi ń ṣe heroin, ó sì ń fi vodou, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ tí a mọ̀ mọ́ àwọn ará Haiti, dẹ́rù ba àwọn aráàlú kí wọ́n má baà sún mọ́ oko náà. Ibí ni ó ti ń dùn mí. Láti Dahomey àtijọ́, tó wà ní Benin òde òní, ni púpọ̀ nínú ẹ̀sìn yìí ti bá àwọn ẹrú dé Haiti. Ògún tiwa wà níbẹ̀, Ogou ni wọ́n ń pè é. Ìtàn sọ pé níbi ètùtù Bois Caïman, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1791, ni àwọn ẹrú ti mulẹ̀ láti dìde sí àwọn ọ̀gá wọn. Nínú fíìmù, ejò, pósí àti ẹni tí wọ́n dè mọ́ òpó ni gbogbo rẹ̀ dà. A kò rí ẹnì kan tó gbàdúrà fún ọmọ tàbí fún ìlera.

Èyí tó wá burú jù ni Solitaire, obìnrin òyìnbó tó ń fi káàdì woṣẹ́ fún Kananga. Káàdì tirẹ̀ kì í purọ́: ó rí Bond kí ó tó dé, agbára náà sì jẹ́ òótọ́ títí tí Bond fi kó káàdì tí wọ́n ya àwọn olólùfẹ́ sí nìkan jọ láti fi tàn án wọ yàrá, ìwà tí n kò lè fi ojú rere wò. Òtítọ́ ni iṣẹ́ wíwò obìnrin òyìnbó. Ẹ̀sìn àwọn aláwọ̀ dúdú jẹ́ ọgbọ́n àrékérekè àwọn oníṣòwò oògùn olóró. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni fíìmù náà ṣiyèméjì, nígbà tí Baron Samedi, ọmọ ẹ̀yìn Kananga tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀mí àwọn òkú nínú vodou, tí Bond ti gbá sínú pósí tó kún fún ejò, tún jókòó níwájú ọkọ̀ ojú irin ní ìparí, tó ń rẹ́rìn-ín. Geoffrey Holder, ọmọ Trinidad, ló ṣe é. Òun náà ló ṣètò ijó, ìgbésẹ̀ rẹ̀ sì ní ọ̀wọ̀ tí ìwé eré náà kò ní.

Rosie Carver, amí obìnrin aláwọ̀ dúdú tí Gloria Hendry ṣe, kò rí ohun ṣe ju kí ó máa bẹ̀rù kí ó sì kú lọ.

Yaphet Kotto, tó ṣe Kananga, ni mo káàánú jù. Nígbà tí ó ya awọ ojú Mr. Big, ọ̀gá oníṣòwò oògùn olóró tí Kananga ń díbọ́n jẹ́, kúrò, tó sì ń fi sùúrù ṣàlàyé bí òun yóò ṣe pín tọ́ọ̀nù heroin méjì lọ́fẹ̀ẹ́ kí àwọn oníṣòwò yòókù lè kógbá wọlé, ọlọ́gbọ́n ọkùnrin tó léwu ni mo rí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wá fi afẹ́fẹ́ kún títí tó fi bẹ́ bíi bàlúùnù. Ó yẹ kí wọ́n jẹ́ kí òun àti Bond jókòó sọ̀rọ̀ pẹ́ sí i, nítorí kò sí ẹlòmíràn nínú eré náà tó lè bá amí yẹn fèsì ọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀.