Ọlọ́run Kò Jẹ́ Kí Ọmọ Mi Gùn Ún: Ẹ̀rí Ìdúpẹ́ Lórí Alùpùpù Tí A Rà

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ̀yin aládùúgbò, àti ẹ̀yin oníbàárà mi tí ẹ fi odidi oṣù mẹ́rin ń béèrè pé ibo ni ọ̀rọ̀ alùpùpù mi dé dúró, mo kí yín. Èlùbọ́ ni èmi tí mò ń kọ ìwé yìí ń tà ní Ṣakí, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà nídìí rẹ̀. Mo wá dúpẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti gbọ́ ìròyìn náà ló ń bá mi yọ̀ pé owó mi kò ṣègbé, mo sì mọ̀ pé inú rere ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n owó kọ́ ló gbé mi dé iwájú yín lónìí. Ẹ̀mí ọmọ mi ni. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ ohun tí wọ́n fi ọ̀dà bò mọ́lẹ̀ lábẹ́ táńkì alùpùpù náà, yóò yé yín ìdí tí mo fi kọ́kọ́ wólẹ̀ fún Ọlọ́run kí n tó rántí pé owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, mo yá ₦350,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, mo fi ₦270,000 tí mo ti ń tù jọ kún un, ó sì di ₦620,000. Ọmọ mi ọkùnrin ló ń bá mi kó èlùbọ́ láti àwọn abúlé tó wà lápá Ògbòoro àti Ṣẹpẹ̀tẹ̀rì, alùpùpù tó ń gùn nígbà náà sì ti gbó débi pé bó bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì ni yóò lò lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Wọ́n sọ fún wa pé iye rẹ̀ dín díẹ̀ ní Ìbàdàn, a sì wọkọ̀ lọ síbẹ̀ ní ìdájí. Ilé ìtajà ńlá kan ni wọ́n júwe fún wa. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé a ti parí ìjà náà.

Inú páálí ni alùpùpù tuntun máa ń wà nígbà tó bá wọlé, àwọn tó ń tà á ni wọ́n sì ń tò ó pọ̀. Ọmọkùnrin tó dá wa lóhùn ní ọ̀kan ti wà ní títò, ká má baà fi gbogbo ọjọ́ jókòó síbẹ̀. Ó dára lójú, ó ń dán, ọ̀rá ṣì wà lórí ìjókòó rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n fún wa ní ìyẹn, nítorí pé lọ́rì tó ń lọ sí Ṣakí ti fẹ́ gbéra. Orí fóònù ni mo ti fi owó ránṣẹ́, nítorí pé ìyà tí ọ̀wọ́n owó jẹ wá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ náírà, ti kọ́ mi láti máa sanwó láti báǹkì. Kí wọ́n tó gbé e sórí lọ́rì, ọmọ mi dúró tì í, ó ní kí n ya òun ní fọ́tò. Mo bá a wí pé àsìkò ń lọ, ṣùgbọ́n mo yà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi fọ́tò yẹn sọ́kàn.

Ọjọ́ kẹta tí a délé ni a gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì wa, kí ó bá wa yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹrù tó gorí rẹ̀. Bàbá náà kò tilẹ̀ kọ́kọ́ tan ẹ́ńjìnì. Ó lóṣòó, ó ti àtàǹpàkò rẹ̀ bọ abẹ́ táńkì, níbi tí irin ṣéésì ti pàdé ọrùn tí fọ́ọ̀kì iwájú gbà kọjá, ó sì ń fi ìka náà wá ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wá ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọdé. Ìka rẹ̀ dúró. Ó ní kí ọmọṣẹ́ òun tú táńkì. Ó mú bíléèdì àlòkù kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ha ọ̀dà dúdú tó wà níbẹ̀, gọ́ọ̀mù aláwọ̀ eérú kan sì ń já bọ́ wẹ́wẹ́, irú èyí tí wọ́n máa ń pò mọ́ra tí yóò sì gan láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin. Nígbà tí gọ́ọ̀mù náà tán, a rí i. Irin ti sán. Ojú ibi tó sán náà tín-ín-rín bí òwú, ó yí ọrùn ká ju ìdajì lọ, inú rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún.

Ó gbójú sókè wò mí, ó ní, “Ìyá, ẹ dúpẹ́. Ṣé ẹ ti di ẹrù lé e?” Mo ní rárá. Ó ní kí n tún dúpẹ́. Àpò èlùbọ́ mẹ́rin ni ọmọ mi máa ń dì sẹ́yìn, ẹ̀yin tí ẹ sì mọ àwọn ọ̀nà oko wa mọ bí wọ́n ṣe máa ń rí lẹ́yìn òjò. Bí iwájú bá yọ lára ẹ̀yìn níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, pẹ̀lú àpò mẹ́rin tó ń ti ènìyàn lẹ́yìn, kí ni à bá máa sọ lónìí? Àárọ̀ ọjọ́ kejì gan-an ló yẹ kí ó lọ sí Ṣẹpẹ̀tẹ̀rì. Ibẹ̀ ni mo ti kúnlẹ̀ nínú eruku, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa.

Mo rò pé bí a bá ti gbé e padà, ẹ̀bẹ̀ ni wọn yóò bẹ̀ wá, wọn yóò sì fún wa ní òmíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá kékeré tó wà nídìí ọjà ní lọ́rì ló ṣe é, pé alùpùpù náà ní láti ti jábọ́ lọ́nà. A pe awakọ̀ lọ́rì lórí fóònù níwájú rẹ̀, ó búra pé orí ìjókòó àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni òun so okùn mọ́, àti pé kò sí ohun tó já. Ọ̀gá kékeré tún ní ta ló mọ̀ bóyá ilé ni a ti fi kọlu igi, tí a wá ń wá ẹni tí a ó di ẹrù náà lé lórí. Ó ní rìsíìtì wa kò tilẹ̀ ní nọ́ńbà ṣéésì, òótọ́ sì ni, iye owó àti òǹtẹ̀ nìkan ló wà lára rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì náà pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti lanu ni ó ń fi ìka tọ́ka sí i.

Nígbà tí a lọ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kí a padà wá. Nígbà tí a lọ lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní àwọn yóò bá wa jó irin náà lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn yóò sì fún wa ní ₦20,000 owó ọkọ̀. Mo bi ọ̀gá mẹkáníìkì wa léèrè. Ó ní irin ìtẹ́sẹ̀ tàbí irin ìgbẹ́rù ṣeé jó, ṣùgbọ́n ọrùn ni ìwúwo gbogbo ń tì sí nígbàkígbà tí ènìyàn bá tẹ bíréèkì tàbí tí táyà bá bọ́ sí kòtò, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n bá sì jó gan-an ni irin sábà máa ń tún sán. Ó ní bó bá jẹ́ ọmọ bíbí inú òun ni, òun kò ní gbà. Mo kọ̀ ọ́.

Ìgbà náà ni ìdààmú wọlé tọ̀ mí wá. Alùpùpù wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, aṣọ ni mo fi bò ó nítorí pé n kò fẹ́ máa rí i. Oṣooṣù ni mò ń san ₦35,000 fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lórí ohun tí kò gbé odindi kóńgò èlùbọ́ kan wálé rí, a sì tún ń sanwó fún ẹni tó ń bá wa kó ọjà. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún dé, tí Ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, epo tí à ń rà ní nǹkan bíi ₦200 sì fò kọjá ₦500. Ní oṣù Kẹfà, wọ́n tú náírà sílẹ̀ sọ́wọ́ ọjà, dọ́là gbówó lórí, gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun wọlé sì tẹ̀lé e. Irú alùpùpù tí mo rà ní ₦620,000 di ₦700,000, kò pẹ́ tó fi di ₦790,000. Mo wá rí i pé bí wọ́n bá tilẹ̀ dá owó mi padà, n kò ní lè fi ra irú rẹ̀ mọ́. Oorun kúrò lójú mi.

Onírúurú ìmọ̀ràn ni àwọn ènìyàn gbà mí. Ẹnìkan ní kí n kó ọlọ́pàá lọ bá wọn. Ẹlòmíràn, tó fẹ́ràn mi dénúdénú, ní kí n gbé irin tó sán náà lọ síwájú Ògún kí a sì pè wọ́n wá búra, nítorí pé Ògún ló ni irin. N kò bá a jà, nítorí mo mọ ohun tó ń dùn ún. Mo kàn sọ fún un pé Ẹni tí mo ti fi ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́ kò tíì dá mi lóhùn, n óò sì dúró dè É. Ìyá kan nínú ìjọ wa ń pè mí lórí fóònù ní aago márùn-ún ìdájí fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, a ó jọ gbàdúrà, yóò sì ní kí n lọ sùn díẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá, Olúwa yóò san án fún yín.

Bàbá Tíṣà, àgbà ìjọ wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ni Ọlọ́run wá lò. Ó ní òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà, ti ọdún 2018, lórí ìdíje nínú ọjà àti ààbò oníbàárà. Ó ní òfin náà fún ẹni tó ra ọjà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára, tó ń ṣiṣẹ́, tí kò ní àbùkù, àti pé ẹni tó bá ń ta ohun àlòkù tàbí ohun tí wọ́n ti tún ṣe gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí gbangba kí olùrà lè mọ̀. Ó ní àkọlé ìsàlẹ̀ rìsíìtì kò lè gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ mi, àjọ FCCPC tí òfin náà dá sílẹ̀ láti máa dáàbò bo oníbàárà sì ti kìlọ̀ nípa irú àkọlé bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ti ń tajà láti ìgbà èwe mi kò gbọ́ èyí rí.

Lẹ́tà olójú ewé méjì ló bá mi kọ. Mo fẹ́ kí ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé olè ni wọ́n. Ó ní rárá, kí a kọ ohun tí a rí, ọjọ́ tí a rí i, àti ohun tí a ń béèrè. Ohun tí a béèrè ni alùpùpù mìíràn tó jẹ́ tuntun, láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a ó gbé ẹ̀sùn lọ sọ́dọ̀ àjọ náà. A fi ẹ̀dà rìsíìtì, ìwé báǹkì, àti ọ̀rọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì tó fọwọ́ sí kún un. Nígbà tí ọmọ mi ń wá àwòrán tí a ó fi sí i nínú fóònù ni ó ṣí fọ́tò ọjọ́ tí a ra alùpùpù náà. Bàbá Tíṣà wọ awò rẹ̀, ó fi ìka méjì fẹ àwòrán náà lójú, ó sì dákẹ́. Lábẹ́ táńkì, lẹ́bàá ọrùn, ẹ̀kán ọ̀dà dúdú kan ti ṣàn wálẹ̀, ó sì gbẹ síbẹ̀. A jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ká aṣọ kúrò. Ẹ̀kán ọ̀dà náà ṣì wà níbi tí bíléèdì kò dé, bó ṣe tẹ̀ sí ọ̀tún ní ìsàlẹ̀ nínú fọ́tò náà ló tẹ̀ sí ọ̀tún lára irin. Lọ́rì kò tíì rí alùpùpù yẹn nígbà tí wọ́n ti kùn ún. Fọ́tò tí mo fẹ́ kọ̀ láti yà ni Ọlọ́run fi gba ẹjọ́ mi rò.

Lẹ́tà náà dé ọwọ́ Alhájì tó ni ilé ìtajà náà, ní ọjọ́ kẹfà ó sì fúnra rẹ̀ pè mí. Kò gbọ́ ohunkóhun nípa ọ̀rọ̀ náà rí. Ó ní kí a máa bọ̀, kí a sì gbé alùpùpù náà dání. Àwa mẹ́rin ni a lọ. Alhájì wo fọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀ wo irin, ó tún wo fọ́tò. Ó pe àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ jọ, ó sì bi wọ́n ní ohùn jẹ́jẹ́. Èyí tó kéré jù nínú wọn ló bú sẹ́kún, tó ní orí ọkọ̀ ló ti já bọ́ nígbà tí àwọn ń já ọjà, àti pé ọ̀gá kékeré ló ní kí àwọn fi gọ́ọ̀mù dí i, kí wọ́n sì kùn ún.

Alhájì ní, “Ìyá, ẹ má bínú, ẹ fi orí jì wá.” Ó ní òun yóò dá ₦620,000 mi padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rù bà mí láti sọ̀rọ̀, nítorí pé mo mọ iye tó wà lára ọjà lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n Ọlọ́run fún mi lẹ́nu. Mo ní, “Alhájì, ẹ ṣeun, Ọlọ́run yóò bùkún yín, ṣùgbọ́n alùpùpù ni mo rà lọ́wọ́ yín, n kò yá yín lówó.” Ó wò mí títí, ó sì ní kí wọ́n lọ gbé páálí kan jáde. Ojú wa ni wọ́n ṣe tò ó, ọ̀gá mẹkáníìkì wa ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yẹ ọrùn rẹ̀ wò kí wọ́n tó de táńkì. Wọ́n kọ nọ́ńbà ṣéésì sórí rìsíìtì tuntun. Alhájì san owó lọ́rì àti owó ọkọ̀ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. N kò béèrè owó oṣù mẹ́rin tó ti lọ, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má lé ọmọ tó sọ òtítọ́, ó sì gbà.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mẹkáníìkì wa, tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi ní gbogbo ìrìn àjò náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Tíṣà àti lọ́wọ́ awakọ̀ lọ́rì tó fi ara balẹ̀ nígbà tí wọ́n ń purọ́ mọ́ ọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, tí wọ́n gbà kí n dá owó oṣù kan dúró.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e ni ọmọ mi fi alùpùpù tuntun náà lọ sí Ṣẹpẹ̀tẹ̀rì fún ìgbà àkọ́kọ́. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo gbọ́ ìró rẹ̀ lójúde. Àpò mẹ́rin ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí a tó tú okùn ẹrù, mo bẹ̀rẹ̀, mo ti àtàǹpàkò mi bọ abẹ́ táńkì. Irin náà gbóná díẹ̀, ó sì ń dán bọ̀rọ́. Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín lókè orí mi, ó ní, “Màámi, ẹ dìde.” Olúwa, mo dúpẹ́.