Ẹ Gbọ́ Tẹnu Ẹni Tí Ọ̀rọ̀ Kàn

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ìròyìn n'Ìbàdàn, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó gbé tẹlifíṣọ̀n dé ìlú yìí. Ní 1953, Gómìnà Gẹ̀ẹ́sì, Sir John Macpherson, bọ́ sórí rédíò, ó bẹnu àtẹ́ lu Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láàyè kí òun fèsì, wọn ò gbà. Nígbà tó yá, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tí Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959 ni WNTV, tẹlifíṣọ̀n ilé iṣẹ́ náà, bẹ̀rẹ̀; ilé iṣẹ́ náà sì ní rédíò pẹ̀lú.

Ibi tó dùn mí jù nínú ìtàn náà rèé. Nígbà tí ìbò Ìwọ̀ Oòrùn dá rògbòdìyàn sílẹ̀ ní 1965, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá nítorí ẹni tí wọn ò jẹ́ kó fèsì ti di agbẹnusọ ìjọba tó wà lórí àlééfà. Ẹnì kan gbé ìbọn wọ ilé rédíò, ó fi téèpù tirẹ̀ rọ́pò ti Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn nígbà náà. Wọ́n gbé Wọlé Ṣóyínká lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀, adájọ́ sì dá a sílẹ̀.

Lónìí, kò sẹ́ni tó nílò ìbọn kí ohùn rẹ̀ tó jáde. Ẹni tó wà nínú Micra láti Ìwó Road lọ sí Dùgbẹ̀ lè pe rédíò, ó sì lè ju fídíò sórí Facebook kó tó sọ̀kalẹ̀. Inú mi dùn sí i gan-an. Ìjọba àpapọ̀ mọ agbára rẹ̀ náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ti Twitter pa láti oṣù kẹfà 2021 wọ oṣù kìíní 2022.

Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, yálà ìwé ìròyìn ló gbé e tàbí WhatsApp. Bí ohùn kan bá dé sórí fóònù yín pé káńsílọ̀ kan jẹ owó kànga ẹ̀rọ, ẹ má tíì kà á sórí afẹ́fẹ́. Ẹ lọ sí àdúgbò náà, kí ẹ fojú ara yín rí kànga. Ẹ bi àwọn obìnrin tó ń pọnmi níbẹ̀, torí wọ́n mọ ọjọ́ tí omi dá. Lẹ́yìn náà, ẹ pe káńsílọ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán.

Ìwé ṣe pàtàkì bákan náà. Òfin kan wà tí wọ́n buwọ́ lù ní 2011, tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, ọjọ́ méje sì ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín. Bí ọjọ́ méje bá pé tí wọn ò fèsì, ẹ sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́ pé ẹ béèrè, ẹ sọ ọjọ́ tí wọ́n gba lẹ́tà náà, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún wọn nínú ètò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.