Nemophila Ti Ń Gbẹ

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, oṣù Karùn-ún

Ooru mú lọ́sẹ̀ yìí, Nemophila menziesii tó wà létí ọgbà wa sì ti ń gbẹ láti ìdí wá. Láti oṣù Kẹta ni òdòdó aláwọ̀ ojú ọ̀run yìí, tí àárín rẹ̀ funfun tí àmì dúdú wínníwínní sì wà lára rẹ̀, ti bo ibẹ̀. Ohun tó kù báyìí kò ju ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti wó lulẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń kọjá lè rò pé ọ̀lẹ ló ni ọgbà náà. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tó le jù nínú títọ́jú rẹ̀ nìyí: kí ènìyàn káwọ́ gbera kó sì máa wò ó.

Òdòdó ọdún kan ṣoṣo ni. Kò ní gbòǹgbò tí yóò fi pamọ́ sínú ilẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀. Gbogbo ohun ìní rẹ̀ wà nínú pádi kékeré onírun, ìyẹn èèpo tó di irúgbìn rẹ̀ sínú, tó wà lórí ọ̀pá rẹ̀. Mo fi èékánná tú méjì wò láàárọ̀ yìí. Irúgbìn èyí tó ṣì tutù funfun, ó sì rọ̀, kò lè hù. Èyí tó ti gbẹ, bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ló là sí méjì, tí irúgbìn aláwọ̀ ilẹ̀ sì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ẹni tó bá fà á tu báyìí kí ọgbà lè mọ́ ti fa ti ọdún tó ń bọ̀ tu mọ́ ọn.

Mi ò bomi rin ín mọ́. Ọmọ onílẹ̀ Kalifọ́níà ni, ó ti mọ ìwà òjò ibí: òjò ìgbà òtútù ni yóò mú un hù, yóò sì ti kú kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé. Ní oṣù Kẹwàá, màá kó ewé gbígbẹ tó bá nípọn kúrò níbẹ̀, màá sì wọ́n iyẹ̀pẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lé irúgbìn náà, nítorí pé inú òkùnkùn ló ti ń hù dáadáa. Mi ò ní gbìn ín sínú ìkòkò kí n tó ṣí i nípò, gbòǹgbò rẹ̀ kì í fẹ́ ìdààmú bẹ́ẹ̀.

Àwọn ènìyàn a máa wọ́ lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ Hitachi Seaside Park ní Japan láti wo òkè tí òdòdó yìí bò látòkè délẹ̀. Ó lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ tó wà níbí wù mí jù ú lọ, nítorí àwọn oyin kéékèèké tí kì í gbé inú afárá, tí oníkálùkù wọn ń gbẹ́ ihò tirẹ̀ sínú ilẹ̀, tí wọ́n sì ń bà lé e ní ìgbà ìrúwé. Ilẹ̀ tí ewé gbígbẹ kò bò mọ́lẹ̀ dára fún àwọn náà.

Mo ń gba irúgbìn díẹ̀ sínú àpò ìwé fún apá kejì ọgbà, níbi tí kò tíì sí rárá. Ó di ìgbà tí gbogbo pádi tó kù bá là tán kí n tó ro etí ọgbà tí wọ́n wà.