Ohun tí mo máa ń wò lára ṣakabùlà kí n tó dá owó lé e

Ìbọn ìléwọ́ ni ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó ìbọn àtijọ́ jọ máa ń kọ́kọ́ wá kiri, torí pé ó kéré, ó sì rọrùn láti gbé sórí pẹpẹ. Ní Nàìjíríà, ẹ yáa mójú kúrò níbẹ̀. Òfin ìbọn ti 1959 kó gbogbo ìbọn ìléwọ́ sí abẹ́ èyí tó léèwọ̀, títí kan èyí tí wọ́n ń fi òkúta ṣáná sí láyé àtijọ́. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó lè ti dógùn-ún débi pé kò lè pa eku, ìyẹn ò kan òfin.

Èyí tó kù fún wa ni ṣakabùlà, ìbọn ọ̀pá gígùn tí àwọn ọdẹ ń kì lẹ́nu. Òfin kan náà yà á sọ́tọ̀ sí ìsọ̀rí kẹta, pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Ẹ gba ìwé náà kí ìbọn tó wọlé yín, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì sọ fún yín pé irin ẹ̀gbẹ́, èyí tó ń ṣáná sí ẹ̀tù, nìkan lòun ń tà, pé kì í ṣe ìbọn, ẹ má dá a lóhùn: ẹ̀yà ara ìbọn, ìbọn ni lójú òfin.

Kò sí bí Ìbàdàn ṣe máa ṣàìní ìbọn lájà. Ìlú jagunjagun ni. Ogun Kírìjí nìkan bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wọn ò sì tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn títí di 1886. Nítorí náà, kò yẹ kó yà yín lẹ́nu bí agboolé kan láàrin Bẹẹrẹ àti Ọjà Ọba bá gbé ṣakabùlà mẹ́ta jáde lójọ́ kan. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé gbogbo rẹ̀ pátá ni wọ́n máa ní ó jagun Kírìjí.

Kí ẹ tó gba ìtàn kankan gbọ́, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹ̀tù ṣì wà nínú ìbọn náà. Ìbọn ní apátí, kò lápátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí òun? Ẹ̀tù dúdú kì í kú bí omi ò bá kàn án, ìbáà ti wà nínú ọ̀pá láti ayé bàbá bàbá ẹni. Ẹ wá ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tì í bọ ẹnu ìbọn títí tó fi máa kan ìdí, kí ojú yín má sì wà lókè ẹnu ìbọn. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí igi náà ti yọ. Ẹ fà á jáde, ẹ tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn níta, kí àmì yẹn bá ẹnu ìbọn ṣe déédéé. Orí igi gbọ́dọ̀ dé ọ̀gangan ihò tí iná ń gbà wọlé. Bó bá fi bí ìka méjì tàbí mẹ́ta kùnà, nǹkan ń bẹ níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ilé agbọ́n, ó lè jẹ́ àkísà, àmọ́ ẹ̀tù ni kí ẹ kà á sí. Ẹ má fi irin gún un, ẹ má mú iná sún mọ́ ọn. Ẹ da omi sí i lẹ́nu àti ní ihò, kó sùn bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá gbé e fún alágbẹ̀dẹ tó ń tún ìbọn ọdẹ ṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa ń wá òǹtẹ̀, àmì tí ilé ìdánwò ìbọn máa ń tẹ̀ sára ọ̀pá. Apá òsì ọ̀pá, nítòsí ìdí, ló sábà máa ń wà, ìpẹtà á sì ti bò ó. Ẹ fi àkísà tó ní kẹrosíìnì díẹ̀ nù ún, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì funfun pa ojú ibẹ̀, ẹ wá fi àtàǹpàkò nù ún kúrò. Ṣọ́ọ̀kì tó bá kù sínú ihò ni yóò fi lẹ́tà hàn yín. Bí ẹ bá rí ọ̀pá àṣẹ méjì tó dábùú ara wọn, tí adé wà lókè wọn, Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti dán an wò; 1813 ni wọ́n dá ilé ìdánwò yẹn sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ELG nínú àmì rìbìtì bí ẹyin, Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ni. Ẹ wo orí ẹyin yẹn dáadáa. Bí adé bá wà lórí rẹ̀, òǹtẹ̀ náà kò lè ṣáájú 1893, nítorí ọdún yẹn ni wọ́n fi adé kún un. Ìwé àdéhùn Kírìjí ti pé ọdún méje nígbà náà. Ẹ rọra dín owó.

Ọ̀rọ̀ "Tower", orúkọ ilé ìbọn ṣọ́jà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó wà lára irin ẹ̀gbẹ́ kò tó ohun tí à ń fẹ̀ sí i. Àwọn tó ń ṣe ìbọn òwò, èyí tí wọ́n ń kó wá tà nílẹ̀ wa, náà ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn káàkiri kó lè dà bí ti ṣọ́jà.

Bí kò bá sí òǹtẹ̀ rárá, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo ẹnu ọ̀pá. Ọ̀pá àtijọ́ máa ń nípọn nídìí, á sì fẹ́lẹ́ bó ṣe ń lọ sẹ́nu. Bí ara rẹ̀ bá dọ́gba látòkè délẹ̀, tí ojú ìjó irin kan gùn gbọọrọ nínú rẹ̀, páìpù omi tàbí páìpù síárìn ọkọ̀ ni alágbẹ̀dẹ lò. Ìyẹn ò burú lójú tèmi. Páìpù tuntun, irin ẹ̀gbẹ́ Birmingham, ìdí onígi tí wọ́n gbẹ́ nílé, tí wọ́n fi awọ ẹran dì níbi tó ti sán: irú rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù, torí ọwọ́ mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, owó rẹ̀ kì í sì í ga, nítorí àwọn oníṣòwò kà á sí àtúnṣe. Ẹ má tú awọ náà o. Bí ẹ bá rí ihò tí wọ́n dí lára irin ẹ̀gbẹ́, ẹ yọ̀: olókùúta ni tẹ́lẹ̀, èyí tó ń fi òkúta ṣáná, kí wọ́n tó sọ ọ́ di oníkápù, èyí tó ń fi kápù kékeré ṣáná. Súkúrúù olórí àgbélébùú ni kí ẹ bínú sí. Àná ni wọ́n fi í síbẹ̀.

Sánpépà àti omi bátìrì ló ń ba èyí tó pọ̀ jù jẹ́. Ẹni tó ń tà á ti fi wọ́n bó o kó lè dán, òǹtẹ̀ ti bá a lọ. Kẹrosíìnì àti óìlì ẹ́ńjìnì tuntun tó, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì idẹ. Epo pupa ò dára fún un: ó ní ásíìdì nínú, ibi tó bá kan idẹ á di àwọ̀ ewé. Ẹ má sì fi ọ̀rá wé e lásìkò òjò, á làágùn.

Ní ti rírà, ọwọ́ mọ́gàjí àti àwọn àgbà ẹbí ni kí ẹ ti gbà á, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí. Ọmọ tó bá dá gbé e wá bá yín lóru, ẹ jẹ́ kó gbé e padà. Èyí tó bá ti ojúbọ Ògún wá, ẹ má rà á rárá, òfin ohun àtijọ́ ti 1979 wà fún irú rẹ̀.

Bí owó ò bá sì tíì tó, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí àdó ẹ̀tù àti ìwo ẹ̀tù. Ẹ da ohun tó bá kù nínú rẹ̀ sínú báàkẹ́ẹ̀tì omi, ẹ wo ọrùn rẹ̀ bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ́, kí ẹ sì wo ìdérí: èyí tí wọ́n fi igi gbẹ́, tí okùn àtijọ́ ṣì so ó mọ́ àdó, ni kí ẹ mú.