Àwòrán Tí Kò Ní Èkejì

Láàárọ̀ Sátidé òní, kí n tó gbálẹ̀ tán, mo yọ gíláàsì kúrò lára fírémù àtijọ́ kan, mo fi téèpù bo etí rẹ̀ kí ó má baà gé mi lọ́wọ́, mo sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni èyí tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ń pè ní monotype: ènìyàn yóò kun ọ̀dà sórí ohun tó ń dán, yóò ya àwòrán sínú ọ̀dà náà, yóò sì tẹ bébà lé e kí ó tó gbẹ. Nítorí pé a kò fín ohunkóhun sára gíláàsì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àwòrán ń jáde dáadáa. Giovanni Benedetto Castiglione, ará Ítálì, ti ń ṣe é láàárín àwọn ọdún 1640.

Ọyẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ba tèmi jẹ́. N kò tíì fi igi ìṣáná fa ìlà Àpáta Olúmọ tán tí ọ̀dà fi gbẹ mọ́ gíláàsì; ohun tó hàn lára bébà àkọ́kọ́ kò ju ipasẹ̀ adìẹ lọ. Mo fọ̀ ọ́, mo po ọ̀dà olómi mìíràn, mo sì kán glycerine tí a fi ń para sí i kí ó lè pẹ́ kí ó tó gbẹ. Mo tẹ́ ewé gúáfà kan lé e, mo fi aṣọ tútù nu bébà kí ó rọ̀, mo tẹ́ bébà náà lé gíláàsì, mo sì fi ẹ̀yìn ṣíbí ra á láti àárín lọ sí etí. Ojú ibi tí ewé wà funfun báláú, ìlà àpáta náà sì hàn, àmọ́ gbogbo lẹ́tà "OLÚMỌ" tí mo kọ ti yí sódì. Mo gbàgbé pé bí ojú inú dígí ni yóò ṣe jáde!

Mo ṣí ewé náà kúrò, mo tẹ bébà mìíràn lé ọ̀dà tó ṣẹ́kù. Gbogbo rẹ̀ ṣá, àfi ewé gúáfà, tí iṣan rẹ̀ hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé ibi tí kòkòrò ti jẹ ẹ́.

Màmá mi, tí wọ́n ti ń ṣe àdìrẹ ní Ìtọ́kú, l'Abẹ́òkúta, kí wọ́n tó bí mi, wọlé, wọ́n wò ó títí. "Síńkì rẹ dà?" Síńkì tí a gé ni wọ́n fi ń ta ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, ọnà kan náà sì lè wà lára ogún ìró. Mo ní kò sí síńkì.

"Bí oníbàárà bá wá fẹ́ méjì ńkọ́?"

"Kò sí oníbàárà, Mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n mú èyí tó ṣá náà lọ. "OLÚMỌ" olódì nìkan ló kù lórí okùn, kò sì tíì gbẹ títí di ìsinsìnyí, torí mo kán glycerine yẹn jù.