Lisbon láàárọ̀: ọkọ̀ ni kó gbéni gòkè, ẹsẹ̀ ni ká fi sọ̀kalẹ̀

Ọjọ́rú. Òjò rọ̀ lóru. Òkúta funfun wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ títì níbí ní Lisbon, olú ìlú Portugal, tí wọ́n ń pè ní calçada, ẹsẹ̀ èrò ti fá a títí ó fi ń dán bí àwo. Tí omi bá ti kàn án, ó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ, ẹ fi sílé.

Tram 28, ọkọ̀ kékeré tó ń rìn lórí irin láàárín títì, ń gbéra ní gbàgede Martim Moniz. Ẹni tó bá débẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù ṣì lè rí ìjókòó. Tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, ìlà ti gùn, inú ọkọ̀ ti há, ọjà àwọn jáguda sì ti yá nìyẹn. Àpò ẹ̀yìn, ẹ gbé e sáyà. Ẹ ra Navegante, káàdì tí wọ́n fi ń san owó ọkọ̀, ní ibùdókọ̀ metro, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, torí owó tí wọ́n ń gbà nínú tram gan-an wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ.

Ibi tó yẹ ká bọ́ọ́lẹ̀ ni Santa Luzia, orí òkè tí wọ́n ti ń wo odò Tagus. Gbogbo ayé ló ń kọjú sódò ya fọ́tò. Ẹ̀yin ẹ yíjú sí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Àwòrán tó wà lórí táìlì aláwọ̀ aró yẹn ni gbàgede ọba létí odò, bó ṣe rí kí ilẹ̀ tó mì ní November 1, 1755. Ọjọ́ Àwọn Ẹni Mímọ́ ni, àbẹ́là ń jó nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ilẹ̀ mì, òkun ya wọ̀lú, iná wá jó èyí tó ṣẹ́ kù. Ìdí tí títì Baixa, àdúgbò ìsàlẹ̀ ìlú, fi tọ́ tinrin bí ẹni fi rúlà fà á nìyẹn: wọ́n tún un kọ́ ni, wọ́n sì to igi bí àgò sínú ògiri, kó lè mì láìwó. Alfama, àdúgbò àtijọ́ tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ò bá wọn tún tirẹ̀ tò. Ẹ má wulẹ̀ wo máàpù níbẹ̀, ibi tí ilẹ̀ bá ti dagẹ̀rẹ̀ sí ni odò wà.

Nísàlẹ̀ ni Chafariz d'El-Rei, orísun omi àtijọ́. Òfin ọdún 1551 pín ẹnu omi rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: ọkùnrin dúdú, ẹrú tàbí ẹni tó ti gbòmìnira, ní tiwọn, obìnrin dúdú ní tiwọn, funfun lọ́tọ̀. Àwọn tó ń kọjá níbẹ̀ kì í sábà dúró.

Tí ebi bá dé, búrẹ́dì àti ólífì tí wọ́n gbé síwájú yín láìbéèrè kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ ní kí wọ́n gbé e kúrò.

Ẹ parí rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì São Domingos, tí iná jó ní 1959. Wọ́n tún òrùlé ṣe, wọn ò fi nǹkan bo ògiri. Ẹ sún mọ́ òpó kan: ojú òkúta ti là, ó ti ṣí kúrò lára rẹ̀ bí èèpo igi.