Gègé tó sán sí mi lápò lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ mi

Sátidé méjì sẹ́yìn ni, ìtìjú rẹ̀ ò tíì kúrò lójú mi. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń fi gègé oníyíǹkì kọ̀wé lójoojúmọ́ bíi tèmi ni mò ń bá wí. Ẹni tó bá fẹ́ sọ fún mi pé báírò kì í jò, kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, ìyàwó mi ti sọ ọ́ tán.

Olùkọ́ ni mí n'Ìbàdàn. Gègé fífúyẹ́ ni mo fẹ́ràn, torí ẹni tó ń máàkì ìwé ọgọ́rin ọmọ ò lè gbé irin dání láti àárọ̀ dalẹ́. Lamy Safari kan tó dúdú bí èédú ni mo ti ń lò láti 2016. Jámánì ni wọ́n ti ń ṣe é, ọdún 1980 ló jáde, gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ ò ju nǹkan bíi gíráàmù 17 lọ. Ike ABS ni ara rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe Lego, ohun ìṣeré tí àwọn ọmọdé ń tò pọ̀. Iye ìgbà tó ti já bọ́ sórí sìmẹ́ńtì ní ọ́fíìsì wa, mi ò lè kà á. Ibi tí ìka mi máa ń wà lára rẹ̀ ti ń dán, kò sí nǹkan míì tó ṣe é.

Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó Fúnmi kù sí dẹ̀dẹ̀, mo ní gègé tó ti gbó yẹn ò bá léèsì funfun mu. Mo mú èkejì, èyí tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, tó jẹ́ pé inú ara rẹ̀ gan-an lèèyàn ń rọ yíǹkì sí. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ̀bi tèmi pọ̀ níbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo rọ yíǹkì búlúù sí i dé ìdajì, mo yí i dé. Mo tún yí i. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ jò, ni mo bá fi aṣọ dì í mú, mo tún fi agbára yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo rí nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan níbi ìyídé náà. Mo rò pé irun ni. Mo fi àtàǹpàkò nù ún, kò kúrò. Mo lọ sùn.

Ṣọ́ọ̀ṣì gbóná lọ́jọ́ náà. Pásítọ̀ ní ká bọ́ síwájú wá fọwọ́ sí ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Mo dìde, mo ká agbádá léjìká bí ọlọ́lá, mo ki ọwọ́ bọ àpò bùbá. Ó tutù. Mo ní òógùn ni. Ìgbà tí mo fa ọwọ́ yọ, ìka mi ti di búlúù títí dé ọrùn ọwọ́. Mo wo àyà mi: yíǹkì ti la bùbá kọjá, ó ti dé agbádá, ó tó àwo ìjẹun, ó sì ń ràn láti ihò léèsì kan dé èkejì bí iná inú koríko gbígbẹ. Fúnmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú aṣọ funfun. Ó sún sẹ́yìn. Ọmọ tí mo bí sún sẹ́yìn fún mi! Mo gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró, mi ò ríbi gbé e lé. Bàbá ọkọ rẹ̀ na báírò sí mi, kò sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Fúnmi, ṣé gègé yẹn náà ni?" Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn.

Àbúrò mi bọ́ agbádá tiẹ̀ fún mi, a jó, ó parí.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: ẹ má dì í jù. Ilẹ̀ kọ́ ló ń pa gègé fífúyẹ́, ọwọ́ ẹni tó ń dé e ni. Ibi ìyídé ni ike ti tín-ín-rín jù, ibẹ̀ ló máa ń sán. Tí ojú méjèèjì bá ti kan ara wọn, ẹ dúró. Ìka méjì ti tó.

Èkejì, irú èyí tí yíǹkì wà nínú ara rẹ̀, ẹ rọ ọ́ kún kẹ́ ẹ tó gbé e sápò. Tí yíǹkì bá dín kù, afẹ́fẹ́ ló ń wà lókè rẹ̀. Ooru àyà á mú afẹ́fẹ́ yẹn fẹ̀, á sì máa ti yíǹkì jáde. Bẹ́ẹ̀ ni, ìdajì ni mo rọ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ká ní mi ò dì í jù ni, inú ọmọrí ni yíǹkì ì bá kán sí.

Ọmọrí náà ńkọ́? Ẹ má dì í jù. Tí ètè rẹ̀ bá sán, yíǹkì á máa gbẹ sẹ́nu gègé, pàápàá lásìkò ọyẹ́.

Tó bá sì fi ẹnu kanlẹ̀, fífúyẹ́ ò ràn án lọ́wọ́. Ẹnu Safari mi tẹ̀ lọ́dún 2019, mo fi sẹ́lótéèpù fà á yọ, mo ki tuntun bọ̀ ọ́. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan.

Ọkọ Fúnmi ti wá ní kí n bá òun ra irú Safari yẹn. Mo ní kò burú. Nígbà tí wọ́n wá kí wa lọ́jọ́ Sunday, mo ń wò ó bó ṣe ń dé ìgò omi rẹ̀. Ó yí i títí ike fi ń dún. Mi ò tíì rà á.